Ta Ló Ń Pinnu Kọ̀ǹténà Tó Máa Wà Nísàlẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Àpápá rí á ti ráyè wo àwọn kọ̀ǹténà tí wọ́n tò léra wọn bí àpótí ìṣáná. Bí wọ́n ṣe ń to irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ òkun la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Tí ẹ bá ra iṣu àti tòmátì, iṣu lẹ máa kọ́kọ́ kó sínú àpò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ òkun, àmọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ju kí tòmátì fọ́ lọ. Bí ẹrù wíwúwo bá pọ̀ jù lókè, tí ìgbì sì ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè má lè dìde mọ́. Ṣé ká wá kó gbogbo irin sísàlẹ̀ pátápátá? Rárá o. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wúwo jù máa ń ta padà lójijì, ìtapadà yẹn sì lè já irin tí wọ́n fi de ẹrù mọ́lẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan máa yà ní Lomé kó tó dé Èkó. Ẹrù Lomé kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹrù Èkó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kọ́kọ́ já ti Èkó sílẹ̀, wọ́n á tún un kó padà. Tó bá wá jẹ́ pé ti Lomé ló wúwo jù ńkọ́? Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ẹrù nìyẹn. Èmi ò lè ṣe é!

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ máa gbọ́: ballast. Omi òkun ni, tí wọ́n ń fà sínú àwọn táǹkì ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ìdí rẹ̀ lè wúwo. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ Golden Ray, tó kó mọ́tò tó lé ní 4,000, dojú dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítòsí Brunswick ní Georgia, l'Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí ìjọba rí i pé iye ballast tí wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìdúró ọkọ̀ kò tọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ní kò séwu. Wọ́n yọ gbogbo èèyàn inú rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn há síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìṣirò kì í dára ju iye tí a fún un lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kan àwa tí à ń fi ẹrù ránṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ara ọkọ̀ MSC Napoli ya nínú ìjì láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Wọ́n wá wọn nǹkan bí 660 kọ̀ǹténà tó wà lókè ọkọ̀ tí omi kò wọ̀. Nínú márùn-ún, ọ̀kan fi ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ yàtọ̀ sí ohun tí olówó rẹ̀ kọ sínú ìwé. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló fa ìjàǹbá náà, torí ara ọkọ̀ kò lágbára tó níbi tó ti ya. Àmọ́ ẹ wo iye irọ́ tó wà lórí omi!

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2016, òfin àgbáyé ti sọ pé kọ̀ǹténà tí wọn kò bá wọn kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gbé odindi kọ̀ǹténà tó ti kún sórí ìwọ̀n. Ẹ sì lè wọn ẹrù inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro ó pọ̀ mọ́ pákó àti okùn tí ẹ fi dè é, àti ìwúwo kọ̀ǹténà òfìfo tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó fíríìjì àti ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sílé láti London tàbí Houston, ẹ má fojú wọn ọ́n o.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmì róbótó tí ilà gba àárín rẹ̀ kọjá, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, la máa yẹ̀ wò. Ó dìgbà náà.