Òótọ́ àbí irọ́? Ohun tí wọ́n ń sọ nípa servo tó ń darí jẹ́ẹ̀tì kékeré

Ní Shomolu, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìpolówó kì í ṣòro rí fún ọmọ tó bá fẹ́ gé ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kékeré. Ní Bariga, tí Yunifásítì Èkó wà ní Akoka lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ wáyà pọ̀. Ara ọkọ̀ kì í ṣe ìṣòro. Ibi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ sí ni servo: àpótí kékeré tó ní mọ́tò, jíà àti apá kan, tó ń gba àṣẹ láti ọwọ́ rìmóòtù, tó sì ń ti àwọn abala tó ń yí létí ìyẹ́ àti nídìí ìrù. Bí ó bá kọṣẹ́ lókè, kò sí awakọ̀ nínú ọkọ̀ tí yóò gbà á là. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn mí pé irọ́ inú rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa jẹ́.

“Servo tó bá ti darí ọkọ̀ fóòmù, ó lè darí jẹ́ẹ̀tì.” Irọ́ ni, òun ló sì léwu jù. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po 2, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti abala ìdarí a di ìlọ́po 4. Ẹ wo ọkọ̀ fóòmù tó ń lọ ní kìlómítà 75 ní wákàtí kan, kí ẹ wá wo jẹ́ẹ̀tì tó ń sá 300: eré ti di ìlọ́po 4, agbára atẹ́gùn ti di ìlọ́po 16. Kìlómítà 300 yẹn kì í ṣe àsọdùn o. AMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ kékeré fò ní Amẹ́ríkà, ti fi ààlà sí eré jẹ́ẹ̀tì onítọ́báìnì: máìlì 200 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 320. SG90 tí wọ́n ń pè ní servo gíráàmù 9 dára lára fóòmù. Lára jẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn yóò kàn tì í padà ni.

“Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ni agbára rẹ̀.” Òótọ́ inú èyí kò tó ìdajì. MG996R, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rà fún rọ́bọ́ọ̀tì, wọ́n ní agbára rẹ̀ jẹ́ kílò 9.4 ní sẹ̀ǹtímítà kan bí iná bá jẹ́ fólítì 4.8, àti kílò 11 bí iná bá di fólítì 6. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé, bí ẹ bá so ẹrù kílò 11 mọ́ apá rẹ̀ níbi tó fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí ìdí, ibẹ̀ ni yóò ti há. Nọ́ńbà ìhá ni wọ́n kọ, kì í ṣe nọ́ńbà iṣẹ́. Ní tèmi, iṣẹ́ tí a máa gbé lé servo lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Bí ihò apá tí ẹ so wáyà tó ń ti abala mọ́ bá sì wà ní sẹ̀ǹtímítà méjì, agbára tó dé ibẹ̀ ti di ìdajì. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ihò tó jìnnà jù lára apá servo kí abala lè yí dáadáa, láìmọ̀ pé agbára tí wọ́n fowó rà ni wọ́n ń dà nù.

Àyédèrú MG996R tún wá kún ọjà. Ẹ má fojú dá a mọ̀, ẹ dán an wò. Ọ̀rá pure water kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, nítorí náà ọ̀rá méjì jẹ́ nǹkan bíi kílò kan. Ẹ de servo náà mọ́ etí tábìlì, ẹ so ọ̀rá 7 kọ́ apá rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ fún un ní fólítì 6, kí ẹ sì ní kó gbé e. Ojúlówó á gbé e láìjanpata. Èyí tó bá ń gbọ̀n, tàbí tó gbé e dé ìdajì ọ̀nà tó sì dúró, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

“Jíà irin ló dára jù.” Ó sún mọ́ òótọ́. Eyín rọ́bà tètè máa ń já bí nǹkan bá gbá abala náà, ti irin kì í tètè já. Ṣùgbọ́n irin ń jẹ ara wọn, àlàfo a sì wà láàárín eyín, apá servo a wá máa ṣe jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́. Àlàfo yẹn ni ikú jẹ́ẹ̀tì. Bí eré bá ga, abala tó yọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bíi fèrèsé tí ìdè rẹ̀ ti tú nínú ìjì, kí èèyàn sì tó ṣẹ́jú, ó ti lè ya kúrò lára ìyẹ́. Ẹ tan servo, ẹ di etí abala náà mú, ẹ mì ín díẹ̀. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ wá ibi tó ti ń yọ̀: jíà lè ni, ihò apá lè ni, ó sì lè jẹ́ wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tó ń tẹ̀. Ẹ tún yí i sọ́tùn-ún kí ẹ dá a padà sí àárín, kí ẹ yí i sósì kí ẹ dá a padà. Ojú kan náà ló yẹ kó dúró sí. Servo olówó pọ́ọ́kú kì í sábà yege níbí, bó tilẹ̀ gbé omi.

“Servo díjítà lágbára ju ti àtijọ́ lọ.” Kò rí bẹ́ẹ̀; iye ìgbà tí wọ́n ń fún mọ́tò níná ni ìyàtọ̀. Ti àtijọ́ ń fún mọ́tò níná ní nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti díjítà lè ṣe é ní ìgbà 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó ń di ibi tó wà mú ṣinṣin, ó sì ń jẹ iná jù.

“Ká ṣáà ti so bátìrì ńlá mọ́ ọn.” Irọ́ ni. Bátìrì LiPo onísẹ́ẹ̀lì méjì tó kún jẹ́ fólítì 8.4; servo tí wọ́n ṣe fún fólítì 6 lè jóná lórí rẹ̀. Bí fólítì bá tiẹ̀ bá a mu, ẹ wo iná tó ń fà. MG996R kan tó há lè fa áńpíà 2.5. Bí mẹ́fà bá tiraka pọ̀ nínú ìyípo kan, ó ti di 15. Bí ohun tó ń pín iná kò bá lè fúnni ju áńpíà 3 lọ, iná á lọ sílẹ̀, rìsífà, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú ọkọ̀, á kú, á tún ara rẹ̀ tàn, ní gbogbo àsìkò yẹn ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fún àwọn servo ní bátìrì tiwọn àti wáyà tó nípọn.

“Ojú ọ̀sà ní Bariga ṣí sílẹ̀, a lè gbé e fò níbẹ̀.” Irọ́ ni. Afárá Third Mainland wà lórí omi yẹn, ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán tòru, àwọn apẹja sì wà nísàlẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà náà kò jìnnà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú sókè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ kọ́ ọ ní Shomolu, ẹ dán gbogbo servo rẹ̀ wò lórí tábìlì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wá pápá gbalasa tí ẹ ó ti gbé e fò.