Ìyíjú, Ìfìsápákan àti Ìfẹ̀gbẹ́rìn: Àlàyé Lórí Ọkọ̀ Òfuurufú Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì

1. Ìfáárà

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ òfuurufú Embraer 120 kan gbéra ní Ìkẹjà láti gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà kan rí, lọ sí Àkúrẹ́. Kò dé ibẹ̀. Ènìyàn 20 ni ó wà nínú rẹ̀. 16 ni ó kú. Pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ kò jìnnà sí àwa tí a ń kọ́ni ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Bí a bá ń ròyìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, a sábà máa ń wí pé "ẹ́ńjìnnì ló kú", a ó sì panu dé. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì ni ọkọ̀ náà ní, kí ọ̀kan lè ran ọkọ̀ lọ́wọ́ bí èkejì bá kú. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kí á sì dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a ó fi ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀.

2. Ìyíjú àti Ìfìsápákan

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó ń ti ọmọlanke. Bí ó bá mú ọwọ́ ọ̀tún kúrò, tí ọwọ́ òsì nìkan ń tì, ọ̀tún ni orí ọmọlanke yóò yà sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí ti ọ̀tún bá kú, ti òsì yóò yí imú ọkọ̀ sí ọ̀tún. Èyí ni a pè ní ìyíjú. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó kú tún lè máa yí lásán, kí ó máa fa apá yẹn sẹ́yìn. Bí ojú ọkọ̀ sì ti ń yí, apá òsì ń yára ju ti ọ̀tún lọ; afẹ́fẹ́ a gbé e sókè, apá ọ̀tún a sì rẹlẹ̀. Èyí ni ìfìsápákan.

3. Ìfẹ̀gbẹ́rìn

Awakọ̀ yóò fi ẹsẹ̀ òsì darí ìtọ́kọ̀ tí ó wà ní ìrù, kí imú ọkọ̀ lè padà sí ọ̀gangan. Ibí yìí ni àlàyé ti máa ń lọ́jú. Ìtọ́kọ̀ tí ó ń dá imú padà sí òsì ń ti ara ọkọ̀ sí ọ̀tún. Bí awakọ̀ bá mú apá méjèèjì dọ́gba, imú yóò kọjú síwájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yóò máa yọ́ sí ọ̀tún, bí ẹni tí ó kọjú sí Ìkẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ́ lọ sí kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Ìfẹ̀gbẹ́rìn nìyẹn. Bọ́ọ̀lù kékeré inú gíláàsì tí ó wà níwájú awakọ̀ yóò dúró ní àárín bí ẹni pé kò sí láburú, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí agbára sì ń ṣòfò. Òwú tí a lẹ̀ mọ́ imú ọkọ̀ ni kì í purọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí awakọ̀ mú apá ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ó má ju dígírì 5 lọ.

4. Ìdí tí agbára fi ń tán

Àgbẹ̀ tí ó wa iṣu 100, tí ilé rẹ̀ jẹ 40, yóò rí 60 tà. Bí ó bá wa 50, tí ilé sì jẹ 40, mẹ́wàá péré ni yóò tà. Ìdajì ìkórè ni ó sọnù, ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà ju ìdajì lọ fíìfíì. Agbára tí ó gbé ọkọ̀ dúró lófuurufú ni oúnjẹ ilé. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni a fi ń gòkè. Ìdí nìyí tí awakọ̀ kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí eré ọkọ̀ lọ sílẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ kò bá yára tó lára ìtọ́kọ̀, kò lè dá ìyíjú dúró. Yóò ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, yóò dá ẹ́ńjìnnì tí ó kú mọ̀, yóò sì yí ewé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí ẹnu wọn kọjú sí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ni ó wà ní apá ẹ́ńjìnnì tí ó kú. Ó yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì: ní Taipei, ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2015, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀, ti òsì ni awakọ̀ pa, ènìyàn 43 ni ó kú.

5. Ìjàǹbá ọdún 2013

Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ọkọ̀ náà ti ń kìlọ̀ láti orí ilẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kò yí bí ó ti yẹ, agbára tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré kò sì tó. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́yìn tí igbákejì awakọ̀ ké pé eré ti pé 80 knots, ó béèrè bóyá kí àwọn dáwọ́ dúró. Wọn kò dúró. Kété tí ọkọ̀ gbé imú sókè ni ìkìlọ̀ dún pé apá kò rí afẹ́fẹ́ dì mú mọ́. Nígbà tí yóò fi lu ilẹ̀, apá ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sísàlẹ̀ tán. Ìpinnu láti máa bá eré lọ wà lára ohun tí ìwádìí náà dá lẹ́bi. Ẹni tí ó bá wí pé "ẹ́ńjìnnì ló kú" ti fi ìpinnu yìí pamọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá lo "títẹ̀" fún ìyíjú, fún ìfìsápákan àti fún ìfẹ̀gbẹ́rìn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ọ̀kan ni wọ́n, yóò sì gbà pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àìya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ni àléébù, kì í ṣe èdè. A rọ ẹ̀yin olùdánwò pé bí ẹ bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irú àyọkà yìí, ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè ohun tí ó kú nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: apá wo ni ọkọ̀ yí sí, kí ni ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ wo ni awakọ̀ yóò sì lò? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ àyọkà náà yé.