Ta Ni Kí Ó Mú Ọ̀pá Àṣẹ Ọ̀rọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Dání?

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́, èyí tí ó sì fọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fọ́ sójú kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí jìnnìjìnnì àrùn Ebola bo Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù bọ́ sórí fóònù lóru, pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà ràn án. Wọ́n jí ọmọ tí ó ti sùn, wọ́n po iyọ̀ sínú korobá, àwọn kan dèrò ọsibítù, àwọn kan sì ti ibẹ̀ kú. Ẹni tí ó bá rántí òru náà kò ní sọ pé kí ọ̀rọ̀ máa rìn láìní olùṣọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni kí ó jẹ́ olùṣọ́? Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ogun abẹ́lé halẹ̀ nínú rẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti Twitter pa ní gbogbo Nàìjíríà. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, ìgbà tí wọ́n sì ti ṣí i tán, ní oṣù keje, ni Kóòtù ECOWAS tó dájọ́ pé ìtìpa náà kò bófin mu.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìjọba tí wọ́n pa ọ̀rọ̀ olórí rẹ̀ rẹ́ ni olùpẹ̀jọ́, òun náà ni adájọ́. Ilé-iṣẹ́ Twitter, tí ó wà ní San Francisco nígbà náà, pẹ̀lú, òfin tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó tẹ̀ lé. Aláàfin pàápàá, Ikú Bàbá Yèyé, Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà, kò dá Ọ̀yọ́ ṣe láìsí Ọ̀yọ́ Mèsì méje. Ilé aṣòfin ni kí ó ṣòfin ní gbangba, kóòtù ni kí ẹni tí a pa lẹ́nu mọ́ sá tọ̀, kí ìdájọ́ sì tètè dé.

Kí ẹni tí ó gbọ́ èdè wa náà jókòó níbi tí a ti ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfàmì sí i, bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé “E gbe oko wa”, ọkọ̀ tí a óò wọ̀ lọ sóde ìgbéyàwó lè jẹ́, ọkọ́ tí bàbá gbàgbé sílé lè jẹ́, ọ̀kọ̀ tí a fi ń gún ènìyàn sì lè jẹ́. Ará ilé mọ èyí tí ó jẹ́, nítorí ó mọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ láti Amẹ́ríkà, lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó rí.