Afinimọ̀nà Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Titun

Láti Mushin dé Akoka kò jìnnà. Ọmọ tí ó bá wọ danfo ní Mushin, tí ó sọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, tí ó sì tún wọ òmíràn gba Yaba kọjá, yóò dé ẹnu géètì Yunifásítì ti Èkó kí oòrùn tó mú, bí ọ̀nà kò bá dí. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọ inú ọgbà náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó di àlejò ní ìlú tí a bí i sí. Àwọn àgbà sì ní àlejò lójú, kò fi ríran. Fáìlì rẹ̀ wà lábíyá: èsì ìdánwò WAEC, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ìgbaniwọlé láti ọ̀dọ̀ JAMB, àti àwòrán pélébé-pélébé. Ọ́fíìsì kìíní ní kí ó lọ sí èkejì. Èkejì ní kí ó lọ ṣe ẹ̀dà ìwé sí i. Nígbà tí yóò fi padà dé, akọ̀wé ti lọ jẹun. Ọjọ́ sì ń lọ. Bí àkókò ìforúkọsílẹ̀ bá kọjá lórí rẹ̀, owó ìtanràn ni yóò san, tàbí kí àyè tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí irú ọmọ báyìí ni iṣẹ́ afinimọ̀nà ṣe wà. Afinimọ̀nà kì í ṣe olùkọ́, kì í sì ṣe akọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà, tí ó fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kọ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí rí. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a ṣí Higher College ti Yaba ní gbangba ní ọdún 1934, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ojú kò ti ní mọ ojú. Ní ọdún 1948 tí a kó wọn lọ sí Ìbàdàn láti fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni ìpìlẹ̀ ibẹ̀. Yunifásítì ti Èkó fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 131 ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Láàárín ènìyàn 131, ta ni yóò sọnù? Ṣùgbọ́n lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni àwọn tí ń wọlé lọ́dọọdún. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ a máa pè wọ́n ní jáńbáìtì, nítorí ìdánwò JAMB tí wọ́n ṣe, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978.

Ní Amẹ́ríkà, a ti rí ìṣòro yìí tipẹ́: Yunifásítì ti Maine ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn titun ní ọdún 1923. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe afinimọ̀nà yóò kọ̀wé béèrè, a ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, a ó sì kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà ibẹ̀ kò tọ́ gbọnrangandan bẹ́ẹ̀. Òmíràn jẹ́ aṣojú kíláàsì, òmíràn jẹ́ olóyè nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kristi ń ṣe é; Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1954, ń ṣe é pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wù yóò lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ìsinmi tó dé, nítorí pé nígbà tí àlejò bá dé, kò sí àyè àtikọ́ṣẹ́ mọ́.

Kí ni ó yẹ kí ó mọ̀? Ọ̀nà ọ́fíìsì rọrùn láti kọ́. Ohun tí ó ṣòro láti mú yé ọmọ titun ni pé ọdún kìíní kì í ṣe ọdún ìsinmi. Ní Akoka, máàkì A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, F jẹ́ òfo. Iye yìí ni a ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwúwo iṣẹ́ náà, tí a ń pè ní yúníìtì. Ẹni tí ó gba A nínú iṣẹ́ oníyúníìtì 3 ní 15. Bí ó bá gba F nínú òmíràn tí òun náà jẹ́ oníyúníìtì 3, a ó fi 6 pín 15 náà, ó di 2.5. Bẹ́ẹ̀ ni F kan ṣe jẹ ìdajì èrè A. Ẹni tí yóò gba oyè ipele kìíní gbọ́dọ̀ ní 4.50 ó kéré tán, máàkì ọdún kìíní sì wà nínú ìṣirò náà. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí títí ọdún kẹta.

Ó tún gbọ́dọ̀ mọ àwọn ẹni ibi. Àwọn kan wà tí ń dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọn yóò ní àwọn lè bá ọmọ titun rí yàrá gbà bí ó bá lè san owó díẹ̀. Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fi oúnjẹ àti àríyá ìkínikáàbọ̀ fa ọ̀dọ́ mọ́ra, kí ọmọ náà tó mọ̀ pé òun ti wọ ohun tí kò ṣe é jáde. Nítorí náà, afinimọ̀nà rere kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àlejò, kì í ṣèlérí yàrá, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni sí ìpàdé alẹ́. Bí ó bá rí ọmọ tí ń sunkún tàbí tí kò jẹun, kì í ṣe dókítà. Yóò mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọgbà tàbí sọ́dọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn.

Ìwà kan sì wà tí a fi ń dá a mọ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá gbé àpótí rẹ̀ dé, tí ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni Ilé Fágúnwà?” kò ní na ìka lásán. Yóò bá a gbé àpótí náà, wọn yóò jọ lọ dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì fi ibi tí omi wà hàn án kí ó tó yíjú padà sí géètì.