Ta Ló Ń Ṣọ́ Alágbàtọ́? Ìtàn Ìtọ́jú Ọmọ Òrukàn Láti Ilẹ̀ Yewa

Kí ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ni ilé náà. Bí bàbá tàbí ìyá bá kú ní Igbógìlà, ní Ayétòrò tàbí ní Ìlaròó, àwọn àgbà ìdílé a jókòó lẹ́yìn ìsìnkú láti mọ ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò bá lọ. Èyí tó ti lè ro oko a tẹ̀lé àbúrò bàbá, èyí tí kò tíì gbọ́njú a bọ́ sọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rí. Ojú ará àdúgbò ló ń ṣọ́ alágbàtọ́. Ètò yìí gba ọ̀pọ̀ ọmọ là, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin kùn ún. Bí gbèsè bá wọlé, wọ́n lè fi ọmọ kan náà ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló dúró fún èlé, kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ olówó títí wọn yóò fi san ojú owó.

Ogun ló fi hàn pé apá ẹbí kò ká ohun gbogbo. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhómì kọ lu Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀, ó tó bí ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lẹ́rú. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì, wá bẹ Gezo, ọba Dàhómì, pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo kò jáwọ́, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ kún un.

Nígbà tí ọmọ náà dé England, Ọbabìnrin ló ń san owó ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1851 wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Freetown. Ní 1855 wọ́n tún mú un padà sí England, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé míṣọ́nnárì Schön. Oúnjẹ, aṣọ àti ẹ̀kọ́ kò wọ́n ọn, àmọ́ àwọn mìíràn ló ń pinnu ibi tí yóò gbé. Kódà ọkọ tí wọ́n mú wá, James Davies, oníṣòwò ará Èkó, Sarah kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Brighton ní 1862, wọ́n sì wá ń gbé ní Èkó. Sarah kú ní 1880.

Freetown yìí kan náà ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ. Àwọn kan bọ́ sílé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì, bíi Àjàyí Crowther tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1822. Wọ́n pín àwọn mìíràn fún onílé láti máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Ní 1876, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá oko àti ibùgbé sílẹ̀ ní Tòpó, nítòsí Àgbádárìgì, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ níbẹ̀.

Ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó dá sí i. Ogun Àgbáyé Kejì ló tì í síbẹ̀, nígbà tí èrò kún Èkó, tí àwọn ọmọkùnrin ń sùn sọ́jà, tí àwọn tí wọ́n ń pè ní “boma boys” sì ń fi ọ̀nà ilé aṣẹ́wó han àwọn atukọ̀. Donald Faulkner, òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́ ní 1941. Òfin ọdún 1943 dá kóòtù ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n má baà máa da ọmọ pọ̀ mọ́ ọ̀daràn àgbà. Ní 1946, wọ́n ka kíkiri ọjà léèwọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọmọbìnrin lójú pópó. Ìjọba ń sọ̀rọ̀ ewu ìbàjẹ́, ewu yẹn sì wà lóòótọ́. Lójú àwọn ìyá, àtẹ tí ọmọ gbé lórí ni ẹ̀kọ́ òwò rẹ̀, òun náà ló sì ń bọ́ ilé.

Ọ̀tọ̀ ni ìṣòro ìkókó. Kí wàrà inú agolo tó wọ́pọ̀, ìkókó tí ìyá rẹ̀ kú nígbà ìbí kì í sábà yè, àfi bí obìnrin mìíràn bá fún un lọ́mú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí fi ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ọmọ aláìníyàá, tí wọ́n á sì wá gbà á padà tó bá ti ń jẹun fúnra rẹ̀. Ní ti àjọ abúlé ọmọdé SOS, tí Hermann Gmeiner dá sílẹ̀ ní Austria ní 1949, tó sì dé Ìsọlọ̀ ní Èkó ní 1973, ọmọ máa ń dàgbà níbẹ̀ ni, pẹ̀lú ìyá kan tó ń bójú tó ilé kọ̀ọ̀kan.

Ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú gan-an ni àwọn olówò ọmọ fi ń bojú. Ní 2003, wọ́n rí àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti agbègbè Zakpota, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó lé ní 100 tí wọ́n dá padà sílé. Ní Bẹ̀nẹ̀, ó ti mọ́ àwọn òbí lára láti fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó lè rí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ kọ́, nítorí náà ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá wọn tọ́ ọ kì í já wọn láyà. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti òwò ènìyàn, tó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 2005, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn lórí kíkó ọmọ kọjá ẹnubodè.

Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ di tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba yẹ òun wò, kóòtù ló sì ń fọwọ́ sí i. Ọmọ tó bá ti gbọ́njú, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú lọ sí Èkó láti máa tọ́ kì í sábà dé kóòtù rárá. Àfi bí aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.