Àwo orin bàbá yín ń ta bí àkàrà nínú epo? Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kì í ṣe sípíkà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, páálí kan wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Àwo orin ló kún inú rẹ̀: Haruna Ishola, Rex Lawson, Victor Uwaifo, Osita Osadebe, Ebenezer Obey. Ẹni tó rà wọ́n ti dàgbà, tàbí ó ti jáde láyé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ á ra ẹ̀rọ àwo, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ṣéńjà, á gbé àwo lé e. Ohun tí yóò gbọ́ kò ní yàtọ̀ sí àkàrà tó ń dín.

Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra sípíkà ńlá. Ohun kan ṣoṣo tí sípíkà tuntun lè ṣe ni pé ẹ ó máa gbọ́ àkàrà náà ketekete.

Ẹnu abẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ ń fá ara àwo, ohun tó bá sì fá kúrò kò ní padà mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kò tún tẹ̀ jáde. Èyí tó wà nínú páálí yín lè wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti gbó?

Dáyámọ́ńdì tíńtín ló wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó sì máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 500 sí 1,000. Tí ẹ bá ń gbọ́ àwo ńlá kan lójúmọ́, bí ọdún méjì sí mẹ́rin nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ẹ rà ní tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta ló mọ iye wákàtí tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti lò ó? Ẹ kà á sí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kú.

Tó bá jẹ́ orí abẹ́rẹ́ Audio-Technica VM95 tàbí Ortofon 2M lẹ ní, iṣẹ́ kékeré ni: ẹ fa ti àtijọ́ jáde, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Tí owó bá wà, ẹ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí ẹyin dípò èyí tó rí roboto. Ìparí ojú àwo, nítòsí bébà àárín, lẹ ó ti mọ ìyàtọ̀, torí orin fún pọ̀ gan-an níbẹ̀. Àwọn olórin jùjú sì máa ń na orin kan títí ojú àwo á fi tán, nítorí náà ìgbà tí agbo ń gbóná gan-an ni abẹ́rẹ́ tí kò dáa máa ń ṣe "ṣìì, ṣìì" mọ́ olórin lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọn apá ẹ̀rọ. Gíráàmù 2 ni VM95E ń fẹ́, 1.8 ni ti 2M Red. Nígbà kan, tí àwo bá ń fò, owó kọ́bọ̀ la máa ń gbé lé apá náà. Mo ṣe é rí, mo sì mọ àwo tí mo fi bà jẹ́. Àmọ́ apá tó fúyẹ́ jù náà kò dáa, torí abẹ́rẹ́ á máa ta káàkiri nínú ìlà àwo. Ní ti àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú inú àpótí, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ibi tí a ti lè tún ìwúwo apá ṣe. Èmi kò ní gbé àwo tí mi ò lè rí rà mọ́ lé e.

Kí ló dé tí orin fi ń wọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn?

Ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Iná Nàìjíríà, bíi ti Ghana àti Benin, ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá ṣe ń mì ni wọ́n ṣe ń yí. Tí irú rẹ̀ bá ti Amẹ́ríkà dé, àwo tó yẹ kó yí nígbà 33 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan á máa yí ní bíi 28. Ẹ̀rọ tó ń sọ iná 220 di 110 kò lè tún un ṣe, torí kì í yí bí iná ṣe ń mì padà. Àfi kí ẹ pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì gùn lórí mọ́tò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló burú jù, torí kì í dúró sójú kan. Mọ́tò Technics SL-1200, tó kọ́kọ́ jáde ní 1972, kì í tẹ̀lé bí iná ṣe ń mì, ìyẹn ló fi yẹ ilé tó ń gbé láàárín NEPA àti jẹnẹrétọ̀.

Tí ohùn bá kéré tí kò sì ní bàsì, ẹ wo ẹ̀yìn àńpìlífáyà. Wọ́n máa ń dín bàsì kù nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, ojú ihò tí wọ́n kọ "PHONO" sí ló ń dá a padà. Tí kò bá sí, ẹ ra àpótí phono kékeré.

Àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78, tó máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má sì fi sípírítì nù ún, ó máa ń yọ́ ọ.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, àwo tí ẹ kò kà sí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, kí ẹ tó sọ páálí bàbá yín kalẹ̀.