Májèlé inú Ẹ̀gẹ́ àti Omi tí a Fún Lára Rẹ̀



Kò sí ẹni tí ń gbin ẹ̀gẹ́ tí kò mọ̀ pé ewúrẹ́ tí ó bá mu omi tí a fún lára rẹ̀ lè kú. Sáyánáìdì ni májèlé tí ń pa á. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà lódidi, májèlé yìí so pọ̀ mọ́ irú ṣúgà kan; linamarin ni orúkọ àpapọ̀ wọn. Ní yàrá ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ kan náà ni linamarase wà, tí í ṣe ẹ́ńsáìmù, èyíinì ni ohun àìfojúrí tí ń tú nǹkan palẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Bí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri àárín wọn a wó, ẹ́ńsáìmù a tú linamarin, májèlé a sì bọ́ sílẹ̀. Díẹ̀ a bá afẹ́fẹ́ lọ, púpọ̀ a bá omi jáde nígbà tí ẹ bá fi jáàkì tẹ àpò, ìyókù a sá lójú agbada gbígbóná.

Ṣùgbọ́n ní ti fùfú àti láfún, a kì í rin ẹ̀gẹ́ kí a tó rẹ ẹ́. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ bakitéríà ti pọ̀ jù. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-tín wọ̀nyí ní ẹ́ńsáìmù tiwọn, tí ń mú kí ẹ̀gẹ́ rọ̀, tí ó sì ń ṣí ọ̀nà fún linamarase. Nítorí náà ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún ọjọ́ kan, tí ó ṣì le, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ májèlé. Ẹ jẹ́ kí ó pé ọjọ́ 3, ó kéré tán. Mo mọ̀ pé ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, ní àríwá Mòsáḿbíìkì, nígbà ọ̀dá, àwọn ènìyàn jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ṣe dáadáa, ó sì lé ní 1,000 ènìyàn, pàápàá obìnrin àti ọmọdé, tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì. Àrùn náà kì í san.

Omi ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Inú ilẹ̀ ni bakitéríà tí ẹ́ńsáìmù wọn ń sọ sáyánáìdì di amóníà, tí irúgbìn lè jẹ, wà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ: ní ilẹ̀ Jàpáánù, ní ọdún 1985, ilé iṣẹ́ Nitto Chemical bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ́ńsáìmù bakitéríà láti sọ acrylonitrile, tí ó bá sáyánáìdì tan, di acrylamide tí a ń lò fún ṣíṣe bébà. Ṣùgbọ́n bakitéríà ilẹ̀ ń fẹ́ àkókò àti afẹ́fẹ́. Bí a bá ń da omi púpọ̀ sí ojú kan lójoojúmọ́, májèlé náà a pa àwọn fúnra wọn.

Kí ẹgbẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ gbẹ́ kòtò 2, jìnnà sí odò, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe lókè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà tòrò nínú agbada tàbí àgbá, kí ẹ sì kó sítááṣì ìsàlẹ̀ rẹ̀, owó ni. Ẹ lo kòtò kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, èkejì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ má ṣe bò wọ́n pa, ṣùgbọ́n ẹ ṣe ọgbà yí wọn ká kí ẹran má baà dé ibẹ̀, kí ẹ sì ṣe èyí kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ kejì wá.